Ẹ Jẹ́ Kí Lẹ́tà Mọ́ Kí Ẹ Tó Fi Àpá Sí I

Ìbéèrè: Fún pósítà eré tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe, mo rí fọ́ǹtì kan tí lẹ́tà rẹ̀ nípọn, tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ara rẹ̀ sì họ bíi ti pósítà àtijọ́. Àmọ́ àwọn àmì orí àti ìdí lẹ́tà Yorùbá kò jáde dáadáa. Ṣé kí n kúkú yọ wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ wọ́n. Fọ́ǹtì ni kí ẹ pààrọ̀: ẹ wá èyí tó nípọn, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà, àmọ́ tí ara rẹ̀ mọ́, kí ẹ wá fi àpá sí i nígbà tí àkọlé bá ti dúró tán. Bí ìrísí yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní 1827, ní New York, Darius Wells lo ẹ̀rọ láti gbẹ́ lẹ́tà sára igi, ó sì gbé ìwé àpẹẹrẹ rẹ̀ jáde ní 1828. Lẹ́tà òjé tó bá tóbi wúwo, ó sì wọ́n. Igi fúyẹ́, àwọn atẹ̀wé sì ti ipa bẹ́ẹ̀ rí lẹ́tà gàgàrà lò. Ṣùgbọ́n ìwé pósítà kì í fẹ̀ sí i nítorí pé ọ̀rọ̀ gùn, nítorí náà ìbú lẹ́tà ni wọ́n dín kù kí gíga rẹ̀ má baà dín. Ẹni tó gbẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ kó dán ni. Ìlò ló dá àpá sí i lára: etí igi ń ṣẹ́, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ wọnú, yíǹkì kì í sì í dé ibi tó tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí A méjì nínú ìlà kan kì í fi í ní àpá kan náà. Nínú fọ́ǹtì tó wù yín, wọ́n ti ya àpá mọ́ lẹ́tà. Bí A bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, àpá kan náà á jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn aṣefọ́ǹtì kan máa ń ya A méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n lè yàtọ̀ síra, iṣẹ́ tó yẹ ká yìn ni. Síbẹ̀, àpá tó kàn fara kan ẹsẹ̀ E lè gbé àmì ìdí rẹ̀ mì pátápátá. Àmì ohùn tún ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ́ kò ní. Àmì ohùn dá wà, fọ́ǹtì ni yóò sì fi ibi tó máa jókòó sí han kọ̀ǹpútà. Bí aṣefọ́ǹtì kò bá ṣe é, àmì á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí kọ̀ǹpútà lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn.

Àwọn kan á ní òǹkàwé á mọ ohun tí à ń sọ láìsí àmì. Nínú gbólóhùn, òótọ́ ni, torí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká á ràn án lọ́wọ́. Àkọlé pósítà kò ní olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀: bí eré yín bá ń jẹ́ ÌLÙ, àmì kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ sí ÌLÚ. Àwọn mìíràn á ní àpá tí a fi sí i lẹ́yìn máa ń hàn bí ayédèrú. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ tí a bá fi sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tẹ gbogbo àkọlé náà sórí ìwé, ẹ fi sáńpépà ha á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá skáànù rẹ̀. Noto Sans ExtraCondensed Black, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, gba gbogbo àmì wa dáadáa. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ láàárín ìlà ju bí àwọn pósítà òyìnbó ṣe máa ń há lọ, kí àmì ìdí ìlà òkè má baà kọlu àmì orí ìlà ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá sì ń ha á, ẹ yẹra fún àwọn àmì náà.