Ìbáwí Ọmọ ní Ìta Gbangba

Kókó ọ̀rọ̀
• Ìwádìí tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2014 fi hàn pé nínú ọmọ 10, nǹkan bí 6 ni a ti hùwà ipá sí kí wọ́n tó pé ọdún 18.
• Òfin Tógò (2007) àti ti Bẹ̀nẹ̀ (2015) ka lílu ọmọ léèwọ̀, títí kan inú ilé.

Ìdí tí ọmọ fi ń ké
Ọmọ ọdún 1 sí 3 kò tíì lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Bí ebi, oorun tàbí ìdúró pípẹ́ bá sú u ní ọjà tàbí ilé ìwòsàn, ẹkún ni yóò fi sọ ọ́. Ojú a máa ti òbí, ìtìjú náà a sì mú kí ó tètè nawọ́ sí ọmọ. Ẹgba lè pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Kò kọ́ ọ ní ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

Ẹ̀yin òbí
• Kí ẹ tó jáde, ẹ fún un ní oúnjẹ, ẹ sì sọ ibi tí ẹ ń lọ fún un.
• Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ rọra sọ̀rọ̀.
• Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.
• Bí ó bá ṣe dáadáa, ẹ yìn ín.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera
Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ halẹ̀ mọ́ ọmọ, ẹ má sì bá òbí wí níwájú èrò. Bí ẹ bá rí ọgbẹ́ tí àlàyé rẹ̀ kò bára mu, ẹ tẹ̀ lé ìlànà ààbò ọmọdé.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ìbáwí kò nílò ẹgba.