Bodè Kì í Dá Ẹbí Dúró, Ìwé Ẹ̀rí Ló Ń Dá Dúró

Ẹ̀yin ọmọ Kétu tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò BAC, tí ẹ ní iṣẹ́ ìlera lẹ fẹ́ ṣe, ẹ kú oríire. Ẹ fún mi létí díẹ̀ kí bàbá yín tó ta ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni sì tó fi ìwé ìpolówó ilé-ìwé lé yín lọ́wọ́.

Ẹ mọ̀ pé ẹbí kan náà ló wà ní Kétu àti ní Ìmẹ̀kọ ní òdìkejì bodè. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ láàárín ara wọn ní 1889, wọn kò bi wá. Síbẹ̀ à ń bá ara wa sìnkú, à ń bá ara wa kọ́mọ jáde, kò sì sí ọlọ́kadà tó ń béèrè ọmọ orílẹ̀-èdè wo ni èèyàn kó tó gbé e. Ìyẹn ló ń jẹ́ ká rò pé bí àwa ṣe ń kọjá ni ìwé ẹ̀rí náà yóò ṣe máa kọjá. Rárá o. Dókítà tó kàwé ní Kútọnu, tó wá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, yóò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó lọ kàwé lọ́hùn-ún tó fẹ́ padà wálé, Ordre national des médecins ni yóò bá lẹ́nu ọ̀nà, èdè Faransé ni yóò sì fi máa kọ ìwé aláìsàn.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún 2023. Akọ̀ròyìn kan láti ọ̀dọ̀ Daily Nigerian gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ìjọba Nàìjíríà ní òun kò ní í yẹ ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò mọ́ títí di ìgbà tí òun bá parí ìwádìí; oṣù Kìíní 2024 nìyẹn. Kì í ṣe ìwé ìṣègùn ni akọ̀ròyìn náà gbà, àmọ́ ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ kàwé bá àwọn tó ń ra ìwé ẹ̀rí pín nínú ìtìjú náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìwé ẹ̀rí yóò ti jẹ́, kí ẹ tó béèrè iye owó. Níbo lo fẹ́ gbé? Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé náà? Ṣé CAMES, ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, mọ̀ ọ́n? Bó bá jẹ́ ilé-ìwé aládàáni ni, ní kí wọ́n fi àṣẹ ìjọba hàn ọ́, àní àṣẹ orí ẹ̀kọ́ tí ìwọ fẹ́ kọ́ gan-an. Àṣẹ láti kọ́ni ní ìṣirò owó kò sọ ẹnikẹ́ni di olùkọ́ nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá bínú sí ìbéèrè rẹ, wọ́n ti dá ọ lóhùn nìyẹn.

Láyé àwọn bàbá wa, Dakar lẹni tó bá fẹ́ di dókítà ń lọ, sí ilé-ìwé ìṣègùn tí Faransé dá sílẹ̀ ní 1918. Ibẹ̀ ni Émile Derlin Zinsou ti kàwé kó tó wá di ààrẹ Dahomey ní 1968. Lónìí, Fákúlítì ìlera yunifásítì Abomey-Calavi wà ní Kútọnu, Parakú náà sì ní tirẹ̀. Ọdún 7 ni ẹ̀kọ́ dókítà, tòun ti ìwé àpilẹ̀kọ ìparí. Ẹni tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ tàbí dókítà ọmọdé yóò tún fi ọdún mélòó kan lé e. Ẹ bi òbí yín bóyá wọ́n ní sùúrù náà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ọdún 3 ni, ní ilé-ìwé INMeS ní Kútọnu tàbí IFSIO ní Parakú.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan wà tí wọn kò ní í gbà. “Dókítà” ni wọ́n ti pe ọmọ wọn láti kékeré, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn. Ẹ mú wọn lọ sí Pọ́bẹ̀. Ilé ìtọ́jú kan wà níbẹ̀ fún egbò Buruli, àrùn tó ń jẹ awọ àti ẹran ara, tó sì wọ́pọ̀ lẹ́bàá omi tí kì í ṣàn dáadáa. Ọ̀sẹ̀ 8 ni aláìsàn fi ń lo oògùn lójoojúmọ́. Ẹni tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ló ń sọ bóyá Buruli ni tàbí egbò mìíràn. Dókítà ń kọ oògùn, ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ bó bá yẹ. Nọ́ọ̀sì ló ń tú egbò, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń dì í, lónìí, lọ́la, lọ́túnla. Tí kò bá sí ẹni tó ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí Faransé ń pè ní kinésithérapeute, egbò lè jiná kí orúnkún má lè nà mọ́, kí ọmọ máa tiro dọjọ́ alẹ́. Nínú gbogbo wọn, ẹ wá bi àwọn ìyá náà èwo ni ká yọ kúrò.

Ohun kan tún wà tí ìwé ìpolówó kì í sọ: ilé ìwòsàn wo lẹ óò ti máa kọ́ṣẹ́? Ilé-ìwé tí kò rán akẹ́kọ̀ọ́ sọ́dọ̀ aláìsàn, yàrá rẹ̀ ìbáà ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ má wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Kútọnu ní CNHU-HKM, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba, nítòsí. Ẹ wá ọmọ tó ti wà ní ọdún kejì tàbí ìkẹta rí, kì í ṣe ẹni tó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ bi í pé abẹ́rẹ́ mélòó ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ gún.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń já ọ láyà, má fi pamọ́ fún wa, kò sí ẹni tí yóò nà ọ́. Ilé-ìwé EPAC ní Abomey-Calavi ń kọ́ àwọn tó ń ya àwòrán inú ara àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Ẹ̀rọ náà máa ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kì í ṣẹ̀jẹ̀.