Lẹ́yìn Òkú-Sísin Ni Opó Ń Wá Èèyàn

“Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè.” Ohun tí à ń ṣe fún òkú yìí, opó rẹ̀ kì í rí i gbà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àgbàlá kún, ẹgbẹ́ da aṣọ bolẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, obìnrin náà nìkan ló ń tilẹ̀kùn lálẹ́. Ìgbà náà gan-an ni owó iléèwé dé, tí àwọn ará ilé ọkọ sì ń béèrè ìwé ilẹ̀.

Ìlú Ìkẹ́nnẹ́ mọ ohun tí opó lè ṣe. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pa ipò dà ní 1987, ọdún 28 ni ìyàwó wọn, Màmá H.I.D., tún lò láyé, ìwé ìròyìn Tribune tí ọkọ wọn dá sílẹ̀ ní 1949 kò sì kú. Ẹnìkan á ní olówó ni wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó di opó ni wọ́n ti mọ òwò aṣọ, wọ́n sì ti gbé ilé ró nígbà tí ọkọ wọn wà lẹ́wọ̀n láti 1963 sí 1966. Màmá Sheila Ṣólàárín náà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ọkọ wọn, Tai, dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, kò kó ẹrù padà sí ìlú òyìnbó nígbà tí Tai kú ní 1994. Ìkẹ́nnẹ́ ti di ilé wọn.

Ìyá tí kò lórúkọ nínú ìwé ìròyìn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó mọ èyí: nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún. Lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tirẹ̀ bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá sí ọmọ. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní kóòtù ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, kó wá ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí ikú, kó sì má tẹ ìka sí ìwé kankan tí wọ́n bá gbé wá bá a nínú ọ̀fọ̀. Òfin 2015 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìwà ipá ka ìfìyàjẹ opó sí ẹ̀ṣẹ̀. Kí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ bá a dé kóòtù.

“Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.” Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ta obì pẹ̀lú opó ní Sábọ, Ṣàgámù, ẹ mọ̀ pé obì kì í dúró de ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Bí a kò bá tú apẹ̀rẹ̀, kí a ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, kí a sì pààrọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ bá a tú u. Ẹ bá a tọ́jú ìsọ̀ rẹ̀ kí ẹlòmíràn má gbà á. Bí ẹ bá ń dá èésú, ẹ jẹ́ kó kó o ṣáájú.

Ti dálémosú tún le ju ti opó lọ, nítorí kò sí ẹni tó ń pa màlúù fún un. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: kí lo ṣe fún ọkọ? “Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.” Bàbá, ẹ fún un ní yàrá. Ìyá, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé fi í ṣe ẹlẹ́yà. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè ohun tó fẹ́ tà, kó sì bá a wá ibi tí yóò pàtẹ sí.