Òkè Kò Ní Í Sá Lọ

Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Lórí òkè ni òwe yìí ti yé mi, kì í ṣe lójú ogun. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni, àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún dúró ní Bwlch Duwynt ní Wales. Afẹ́fẹ́ dúdú ni èdè wọn fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, wọn kò sì parọ́: ó ń lu jákẹ́ẹ̀tì wa pàpàpà débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní láti fẹnu sún mọ́ etí ẹnì kejì. Orí Pen y Fan tí a torí ẹ̀ jí ní ìdájí kò ju ìrìn bí ìdajì wákàtí lọ mọ́. Ibẹ̀ la ti ṣẹ́rí padà.

Pen y Fan ga ní mítà 886. Kò sí òkè tó ga tó o ní gbogbo gúúsù Wales. Láti Pont ar Daf, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì A470, òkúta ni wọ́n tò sójú ọ̀nà, bí ojú ọjọ́ bá sì dára, tọmọdé tàgbà ní ń gùn ún. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Ẹni tó ti gun Olúmọ, tó ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, á ní kí ló wà nínú èyí. Lọ́dọ̀ tiwa, oòrùn àti òùngbẹ ni ọ̀tá ẹni tó ń gòkè. Níhìn-ín, òtútù ni, kì í sì í ṣe ọyẹ́ tí èèyàn á fi òrí para fún. Òtútù olómi ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí èèyàn bá gòkè ní nǹkan bíi mítà 150, ooru á fi ìwọ̀n Celsius kan dín kù. Pont ar Daf tí a gbé mọ́tò sí ga tó mítà 440. Bó bá jẹ́ 3 níbẹ̀, òdo ni lókè. Kí afẹ́fẹ́ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí wá dé sí i, ara tó ṣí sílẹ̀ á máa pàdánù ooru bí ẹni dúró nínú òtútù tó fi 8 wà nísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó bá wo òtútù lórí fóònù tí kò wo afẹ́fẹ́, ààbọ̀ ìròyìn ló gbọ́. Ojú ọjọ́ orí òkè ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ti ìlú; Met Office ń gbé e jáde.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Jíìnsì ni ọ̀kan nínú wa wọ̀ wá. Òwú ni jíìnsì, a sì máa fa omi bíi kànìnkànìn. Òjò wínníwínní tó pa wá nísàlẹ̀ ti rin ín gbindin kí afẹ́fẹ́ tó bá a. Mo rí ṣòkòtò náà nídìí mọ́tò, mo sì dákẹ́, torí mi ò fẹ́ kó tijú. Àṣìṣe ńlá ni mo ṣe. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: ìdí mọ́tò ni kẹ́ ẹ ti yẹ ara yín wò, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ jáde. Síwẹ́tà onírun àgùntàn lábẹ́, jákẹ́ẹ̀tì tí omi àti afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá lókè, fìlà, ìbọ̀wọ́ oríṣi méjì, nítorí afẹ́fẹ́ lè já ọ̀kan gbà.

Ọwọ́ ọ̀rẹ́ wa oníjíìnsì ni mo kọ́kọ́ rí. Ó fẹ́ fa síìpù rẹ̀ sókè, ìka kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó mú un, ó bọ́. Ó tún mú un, ó tún bọ́. Ètè rẹ̀ ti dà bí eérú. Òun ló ń pa wá lẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀, ó sì ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò ti sọ̀rọ̀. Bí aláwàdà bá dákẹ́, bí ẹsẹ̀ bá ń kọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, òtútù ti ń wọnú ara nìyẹn. Bí ẹni tó ń gbọ̀n bá wá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti móoru, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Ẹ má fún un lọ́tí o. Ọtí a máa tú ooru ara dànù. Aṣọ gbígbẹ, ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tíì gbígbóná àti ohun dídùn ni kẹ́ ẹ wá fún un.

Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, a ti débẹ̀ tán! Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Mo ní àáké ara rẹ̀ ni olóyin ń bà jẹ́, ara ọ̀rẹ́ wa kì í ṣe àáké wa. Òmíràn dábàá pé kó máa dá sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró nínú mọ́tò. Mo kọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Òkúta ìrántí kan wà lórí òkè náà, kò jìnnà síbi tí a dúró sí. Ti Tommy Jones ni, ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ awakùsà. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ògún 1900, òun àti ìbátan rẹ̀ tó jù ú lọ ń lọ sóko bàbá àgbà wọn. Tommy bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òun ń padà sọ́dọ̀ bàbá òun tó wà lẹ́yìn. Wọ́n pínyà. Ọjọ́ 29 ló fi sọnù kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀, lókè fíofío tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ọmọ kékeré lè gùn dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mà ni o.

Nítorí náà, ẹni tó lọ́ra jù ni kó máa síwájú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: kí oníkálùkù mọ ẹni tó ń ṣọ́. Láti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fẹnu kò sórí aago tí ẹ ó padà, ẹ dé òkè, ẹ kò dé òkè. William Naismith ti fún wa ní ìṣirò láti 1892: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí náà tọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ẹrù àṣejù. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn. Ẹ pe 999, ẹ bèèrè ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ ní àwọn olùgbàlà orí òkè lẹ ń fẹ́. Wọn kì í gbowó iṣẹ́. Oúnjẹ àti ibùsùn wọn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ wá.

Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, ọwọ́ méjèèjì ni ọ̀rẹ́ wa fi di ife tíì mú. Kò mu ún, ó kàn dì í mú. Ó pẹ́ kó tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé." Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ la tún ń lọ, bí afẹ́fẹ́ bá gbà. Ó ti ra ṣòkòtò mìíràn.