Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ỌSIBÍTÙ ÌKÀRẸ́ ÀTI Ọ̀KÀ, TA NI YÓÒ MÁA GBỌ́ BÙKÁTÀ WỌN?

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí lè dàbí ẹni pé kò kan ìwé ìfowópamọ́ tàbí èlé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìdí, ẹ óò rí i pé orí owó náà ni ó padà sí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò yóò jẹ́rìí wa. Ẹni tí ó fẹ́ yáwó kọ́lé, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ó ti ń sọ ọ́. Ẹni tí ó fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ mọ ọjọ́ tí ilé-ìwé yóò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí aya rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, òru ni ó ń kan ilẹ̀kùn akápò. Kò lè dúró de ìpàdé, kò sì ráyè wá onídùúró. A ó fún un náà ni, nítorí ènìyàn ni wá. Nígbà tí àìsàn bá lọ tán, gbèsè kò lọ. Nígbà mìíràn ẹni tí a torí rẹ̀ yáwó kò sí mọ́, a ó sì máa lọ gba owó lọ́wọ́ opó. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n a ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ní nílẹ̀. Ìkàrẹ́ ní ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Spẹ́ṣálísìtì. Ọ̀kà ní ti ìjọba ní Ìwárò. Lábẹ́ wọn ni àwọn ibùdó ìlera kéékèèké wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà ní Àkókó. Lókè wọn ni ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀, nǹkan bí kìlómítà 50 sí Ìkàrẹ́, àti ti Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní Ondó. Bí àkàbà ni ó rí. Ibà àti ìtọ́jú aláboyún wà ní ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, iṣẹ́ abẹ wà láàárín, èyí tí ó bá le jù ni a ń gbé lọ sókè. Ẹsẹ̀ àárín yẹn, Ìkàrẹ́ àti Ìwárò, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Bí ó bá kán, láti ìsàlẹ̀ ni a ó máa fò lọ sí Ọ̀wọ̀.

Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ ní ọ̀nà tiwa. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, tírélà kan ya lu àwọn ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá, ó sì pa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn mìíràn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ní wákàtí kan láti fi rìnrìn-àjò. Ibi tí ó sún mọ́ ni yóò gbà á là, bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ nípamọ́, bí iná bá wà, bí dókítà bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Gbogbo ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀ ọsibítù, ilé ni a máa ń tọrọ. Àwa ará Ìkàrẹ́ á ní ọ̀dọ̀ wa ni kí wọ́n kọ́ ọ sí, ará Ọ̀kà á ní ọ̀dọ̀ tiwọn ni. (Ẹ jẹ́ kí a fi ìjà yẹn sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú, wọ́n ti mọ̀ ọ́n jà jù wá lọ.) Ilé kì í wo àìsàn. Ìbọ̀wọ́, ẹ̀rọ atẹ́gùn, epo jẹnẹrétọ̀, owó oṣù, àwọn wọ̀nyí ni ń tán lóṣooṣù, tí a sì gbọ́dọ̀ rí owó rà lóṣooṣù. Ìjọba ti ṣe dáadáa rí. Ètò Abiyẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 mú kí aláboyún rí ìtọ́jú gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ọsibítù ìyá àti ọmọ sì ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010. Oríire ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ni, ìjọba sì ń yí padà.

Nísinsìnyí, nínú 100 náírà tí a ń ná sórí ìwòsàn ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tí ó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí ara wa le, ọsibítù kò rí kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tí a ṣubú ni a ń wá, nígbà tí owó ti tán lọ́wọ́ wa. Ta ni yóò fi irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣòwò?

Àwọn kan ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní Nkoranza ní Gánà, ọsibítù ìjọ Àgùdà kan bẹ̀rẹ̀ ní 1992 láti máa gba owó ọdún ṣáájú lọ́wọ́ ará ìlú. Àgbẹ̀ ni wọ́n púpọ̀, bíi tiwa. Ìgbà ìkórè, tí owó wà lọ́wọ́, ni wọ́n ń gbà á, ilé kan lódindi ni wọ́n sì ń kọ sílẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí ẹ bá gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láàyè, bàbá tí ó ń wúkọ́ nìkan ni wọn yóò kọ sílẹ̀, wọn yóò fi àwọn ọmọ tí ara wọn le sílẹ̀. Nígbà tí ó bá di pé aláìsàn nìkan ni ó ń dáwó, àpò á gbẹ kí ọdún tó yí. Àwọn tí kò ṣàìsàn ni ń gbé ẹni tí ó ṣàìsàn. Èyí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: gbogbo wa kì í yáwó lọ́jọ́ kan náà.

Nítòsí wa, ní Shonga ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, irú ètò yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Ìwọ̀nba ni ará ìlú ń san, owó láti Netherlands àti ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń kún un. Ó ṣe àwọn ènìyàn láǹfààní gan-an. Nígbà tí owó òkèèrè dópin, ó dáwọ́ dúró.

Ní 2022, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ adójútòfò ìlera, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ínṣọ́ránsì, di dandan. Ìpínlẹ̀ Ondó ní àjọ tirẹ̀ tí ń bójú tó o. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nígbà tí o bá forúkọ sílẹ̀, wàá yan ibi tí wàá kọ́kọ́ máa lọ. Ibẹ̀ ni a óò máa fi iye kan ránṣẹ́ sí lóṣooṣù nítorí orúkọ rẹ, bóyá ara rẹ le tàbí kò le. Bí wọ́n bá kọ̀wé gbé ọ lọ sí ọsibítù ńlá, a óò san owó iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún ọ. Nítorí náà, ará Ọ̀kà tí ó bá lọ yan ibì kan ní Àkúrẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ ń gbé níbẹ̀, Àkúrẹ́ ni ó ń bá tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni bù lé wa. Bí ọmọ ẹgbẹ́ 120 bá ń dá ₦1,500 lóṣù, ₦180,000 nìyẹn lóṣù, ₦2,160,000 lọ́dún. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó dá nìkan yá ₦300,000 fún iṣẹ́ abẹ, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100, yóò máa san ₦33,000 lóṣù fún oṣù 10. Ẹ fi méjèèjì wéra.

Ẹgbẹ́ lè ràn wá lọ́wọ́. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní kí a kọ́kọ́ yọ ìdá mẹ́rin kan èrè ọdún sí àpò ìpamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀gá tí ń bójú tó ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí i, a lè yọ tó 10 nínú 100 ìyókù fún ohun tí yóò ṣe gbogbo ènìyàn láǹfààní. A lè fi kún owó àwọn opó àti arúgbó àárín wa.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. “Èmi ò lè sanwó àìsàn tí mi ò tíì ṣe, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra agbòjò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni ó pe òjò. Àwọn mìíràn á ní káàdì wà, oògùn kò sí. Òótọ́ ni èyí nígbà mìíràn. Akọ̀wé yín náà ti gbé káàdì dání rí, tí wọ́n ní kó lọ ra oògùn níta. Ó dá lọ bẹ̀ wọ́n ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ 120 bá yan ibì kan pọ̀, tí ènìyàn méjì nínú wọn ń lọ wo ibi oògùn lóṣooṣù, tí wọ́n sì lè kó orúkọ gbogbo wọn kúrò níbẹ̀, wọn ò ní dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé tí ń bọ̀: Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ka iye ẹ̀yáwó ọdún tí ó kọjá tí ó jẹ́ ti ọsibítù, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé lóṣooṣù ni kí a máa dáwó, tàbí nígbà tí kòkó bá délé? Ibo ni àwa ti Ìkàrẹ́ yóò yàn, ibo sì ni ti Ọ̀kà? Ẹni tí ó bá ti ní káàdì, kó mú un wá kí a rí i.