Bí O Bá Fẹ́ Ra Jigsaw ní Kejetia

Ọmọ mi, bí o bá dé ọjà Kejetia ní Ghana láti ra ayùn oníná tí wọ́n ń pè ní jigsaw, má jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tàn ọ́. Yí i pa dà, ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Iná Ghana, 230 volt ni, bíi ti Nàìjíríà. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 120 volt. Bí o bá so ó mọ́ iná láìsí tiransifọ́mà, èéfín ni wàá rí. Bíléèdì tí ìdí rẹ̀ rí bíi lẹ́tà T ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tó ń gbà á ni kí o rà.

Ní ti igi tí wàá gé, wawa, ìyẹn arère wa, rọ̀. Odum, ìyẹn ìrókò, ni kò gba wàdùwàdù: bí o bá ń ti ayùn, bíléèdì á tẹ̀, ojú ibi tó gé á sì wọ́. Òkè ni eyín bíléèdì sábà máa ń gé sí, nítorí náà da ojú tó dán lára pákó délẹ̀, kó má baà ya. So pákó mọ́ tábìlì pinpin, kí wáyà wà lẹ́yìn rẹ. Bo imú; eruku odum kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Yọ ayùn nínú iná kí o tó pààrọ̀ bíléèdì.

Pákó gígùn tó fẹ́ ìlà tààrà ńkọ́? Gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onígi ní Sokoban, ní ìlú kan náà; ibi tó bá yí kọ́lọkọ̀lọ ni jigsaw ti wúlò.