Nígbà tí Iye Agbára Bá Pòórá

Ẹ̀rọ kan wà tí a ń de kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́ nínú ilé; ẹni tí ó gùn ún ń fi ẹsẹ̀ yí i, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ náà a máa wọn agbára rẹ̀ ní wáàtì, a sì máa fi ìgbì rédíò rán iye náà sí kọ̀ǹpútà. Iye yìí ni a fi ń díje. Ní ọdún 2020, Ashleigh Moolman-Pasio, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn obìnrin nínú ìdíje àgbáyé irú eré yìí.

Bí iye náà bá ṣàdédé di òdo, a ó rò pé agùnkẹ̀kẹ́ ti dúró, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Agbára kò tán. Ìròyìn ni kò dé. Kí ni ó fà á? Ojú ọ̀nà 2.4 GHz kan náà ni Bluetooth, ANT+ àti ọ̀pọ̀ Wi-Fi ń tọ̀. Ó dàbí ẹni méjì tí ń sọ̀rọ̀ láàárín ọjà.

Nítorí náà, ẹ má tètè tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ẹ wò ó bóyá fóònù kan ti gba Bluetooth rẹ̀ mú. Ẹ fi okùn USB gbé agbàròyìn ANT+ sún mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ sì gbé Wi-Fi jìnnà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yí padà, kí ẹ lè mọ èyí tí ó fa àléébù náà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.